Ẹ̀gbọ́n mi jáde ní Àkúrẹ́ ní 2011, kò padà wálé: ṣé DNA lè bá wa mọ òkú tí wọ́n sin láìmọ orúkọ rẹ̀?

Àbúrò Awakọ̀ (Ìjọ̀mu, Àkúrẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni mo gbé wá, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ní oṣù Karùn-ún 2011, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gangan, gbé mọ́tò rẹ̀ jáde láàárọ̀. Èrò mẹ́ta ló gbé, Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń lọ. Ọjọ́ kẹta la rí mọ́tò náà lẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn Oǹdó. Wọ́n ti tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí ìjókòó dírẹ́bà. Òun fúnra rẹ̀ la ò rí. A dé tẹ̀ṣọ́n, a dé ọsibítù, a dé orí òkè àdúrà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé àwọn rí òkú ọkùnrin kan nínú oko kòkó ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Ó ní ọlọ́pàá gbé e lọ sí mọ́ṣúárì, ó pẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè rẹ̀, ni kánsù bá kó o pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn tí kò ní ẹni, wọ́n sin gbogbo wọn sójú kan.

Màmá wa ti pé ẹni ọdún 79. Kò jẹ́ ká ṣe ìsìnkú kankan láti ọjọ́ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbọ́ lórí rédíò pé àwọn òyìnbó ń fi DNA, àmì àjogúnbá tó wà nínú ara ẹni, mọ orúkọ òkú tó ti lé lógójì ọdún. Ó pè mí wọ yàrá, ó ní, "Ṣé wọn ò lè bá mi wo ti ọmọ mi?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Ẹni tó bá mọ nǹkan, ẹ dákun.

Ọmọ Oǹdó ní Houston

Ẹ bá mi kí Màmá. Olúwa á tù wọ́n nínú.

Òótọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa nínú rẹ̀ ni ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà lẹ́yìn ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 24 oṣù Kẹrin 1981. Ẹnìkan ló pa á. Jákẹ́ẹ̀tì awọ àgbọ̀nrín ló wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń pè é ní Buckskin Girl, ọdún 37 ló sì fi jẹ́ orúkọ yẹn nìkan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ní 2018, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ DNA Doe Project, tí obìnrin méjì, Colleen Fitzpatrick àti Margaret Press, dá sílẹ̀ ní 2017, ka DNA inú ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n gbé e sórí GEDmatch, ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń gbé DNA tiwọn sí láti fi wá ẹbí. Kò ju wákàtí mẹ́rin lọ tí wọ́n fi rí orúkọ rẹ̀: Marcia King, ọmọ ọdún 21, ará Little Rock ní Arkansas.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Kò kó kúrò nílé rẹ̀ láti ọjọ́ náà wá, kò yí nọ́ńbà fóònù padà, nítorí bí ọmọ náà bá pè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kì í ṣe DNA ìyá rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, ti ìbátan ni. Bí ìwọ àti ẹnìkan bá jọ ní bàbá ńlá kan náà, ẹ̀yin méjèèjì á jọ ní díẹ̀ lára DNA bàbá ńlá yẹn. Bó bá pọ̀, ẹbí tó sún mọ́ ni. Bó bá kéré, ó jìnnà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí á wá ti ọ̀dọ̀ ìbátan náà gòkè lọ bá bàbá ńlá, wọ́n á tún sọ̀kalẹ̀ wá sórí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ikú, títí wọ́n á fi kan ẹnìkan tí ìwé rẹ̀ já láàárín, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mi ò ní tàn yín. Èmi náà gbé tèmi sórí ojúlé yẹn. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ẹbí tó yọ sí mi, tó jìnnà púpọ̀. Ará Oǹdó kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀.

Lábù Ọ̀dà Road

Ẹ ṣeun, ọ̀gá Houston. Iṣẹ́ lábù ni mo ń ṣe, mo fẹ́ ya ọ̀nà méjì yìí sọ́tọ̀ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ má baà náwó síbi tí kò yẹ.

Ọ̀nà tí ọ̀gá ṣàlàyé yẹn wà fún òkú tí a kò mọ ẹni tó ń wá a. Àyẹ̀wò náà ń wo ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ojúkò lára DNA, ó lé ní 500,000, kó lè rí ìbátan tó jìnnà. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá wà láyé. Ìdajì ohun tó wà lára ọmọ, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá, kò sí àní-àní. Àyẹ̀wò tí ọlọ́pàá ń lò kò ju bí ogún ojúkò lọ (20 gan-an ni ti Amẹ́ríkà láti 2017), irú èyí tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ náà sì ni. Bí a bá rí egungun, tí a sì ní ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ Màmá, tí tìrẹ àbúrò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tó.

Nítorí náà ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe wíwá òkú. Ẹ gba ti Màmá pamọ́. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: bí wọ́n bá lọ láìfi nǹkan sílẹ̀, iṣẹ́ tó rọrùn lónìí á di èyí tó nira, tó sì wọ́n.

Kí wọ́n má jẹ, kí wọ́n má mu fún nǹkan bí wákàtí kan. Kí wọ́n fi omi lásán yọ ẹnu. Ẹ fi òwú mímọ́ tí wọ́n ń tà fún àyẹ̀wò ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ má fi ọwọ́ kan orí òwú náà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòji, ẹ má sá a sóòrùn. Inú àpòòwé bébà ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ má fi sí ọ̀rá, torí ọ̀rá ń mú un rin, á hu. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti orúkọ ẹlẹ́rìí méjì sí i lára. Ẹ ṣe é ní méjì, kó wà nílé méjì. Èyí tí ẹ bá ṣe nílé, ìfipamọ́ lásán ni o. Èyí tí ilé ẹjọ́ máa tẹ́wọ́ gbà ni èyí tí lábù fúnra rẹ̀ gbà lójú ẹlẹ́rìí, tó kọ ìwé sí. Àwọn lábù tó ń ṣe àyẹ̀wò bàbá ọmọ wà ní Èkó àti Àbújá. Púpọ̀ nínú wọn ń fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Ẹ béèrè tààrà bóyá wọ́n á bá yín tọ́jú àbájáde rẹ̀ fún ọdún gígùn.

Ẹ tún wo ẹrù ẹ̀gbọ́n yín. Fìlà tí wọn ò tíì fọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, abẹ ìfárùngbọ̀n, kóòmù. Àwọn ìyá mìíràn wà tó tọ́jú ìwọ́ ọmọ lẹ́yìn tó já. Gbogbo rẹ̀ ni DNA lè wà lára rẹ̀.

Tíṣà Yàbà (Oǹdó)

Àbúrò, mo dúpẹ́ pé o kọ ọ́ pé "ọmọ ìyá mi gangan". Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn sọ pé "àbúrò mi ni", ìyẹn ò tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìyàtọ̀ tí àwọn àgbà wa ṣe láàárín ọmọ ìyá àti ọbàkan, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Apá kan wà nínú DNA tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá. Ìyá a fún gbogbo ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ló sì lè fún ọmọ tiwọn. Ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ gan-an nínú ara, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kù nínú egungun tó ti gbó nígbà tí ìyókù bá ti jẹrà. Nítorí náà bí Màmá ò bá sí mọ́, àbúrò Màmá tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, lè dúró fún wọn lápá yẹn. Apá mìíràn wà tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan. Ìyẹn ni ọbàkan yín ọkùnrin fi lè ràn yín lọ́wọ́. Lápapọ̀, ọmọ ìyá tó tún jẹ́ ọmọ bàbá kan náà jọ ní nǹkan bí ìdá 50 nínú 100; ọbàkan, nǹkan bí 25; ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, nǹkan bí 12.5. Àwọn tí bàbá ńlá bàbá wọn jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wọn ò pé ìdá kan mọ́.

Ohun tó máa dá wa dúró níhìn-ín, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ti wíwá ìran, ni ìwé. Nínú àwọn ọmọ bàbá bàbá mi, orúkọ ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ bàbá, ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ìsàmì tí ilé ìwé míṣọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ẹ̀kẹta gba orúkọ oyè. Ẹni tó bá ń wo ìwé ní òkèèrè ò lè mọ̀ láéláé pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín. Ẹ béèrè orúkọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ìlú tó ti wá, ọmọ tó bí, èyí tó kú lọ́mọdé, èyí tó lọ sí Gánà tí kò padà. Oríkì ìdílé náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìlú tí wọ́n ti wá ṣáájú.

Ìyá Ìdànrè

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, a kì í déédéé hú òkú. Èkejì, àyẹ̀wò yìí lè tú àṣírí. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹbí mẹ́wàá, tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ọmọ bàbá tó ń pè ní bàbá ńkọ́? A wá òkú kan, a sọ ilé alààyè di ahoro.

Lábù Ọ̀dà Road

Ìyá Ìdànrè, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe kékeré. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá nìyẹn: ẹni tó bí ọmọ, kò sí àríyànjiyàn nínú ti ìyá. Ẹ má gba ti ẹbí rẹpẹtẹ. Ìyá, ọmọ ìyá kan tàbí méjì, ó parí. Ẹ sì ní kí lábù kọ ọ́ sínú ìwé pé ti egungun nìkan ni wọ́n máa fi wé, wọn kò ní fi alààyè wé alààyè, wọn kò sì ní sọ ohun mìíràn tí wọ́n bá rí.

Ìyá Ìlára

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ kan wá tí mi ò lè gbàgbé. Ní 21 oṣù Kẹsàn-án 2001, wọ́n rí òkú ọmọdékùnrin kan nínú odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti gé orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje ni. Ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam, torí wọn ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Nelson Mandela fúnra rẹ̀ jáde ní 2002, ó bẹ àwọn òbí ilẹ̀ Áfíríkà pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá sọnù kó yọjú.

Egungun rẹ̀ ni wọ́n wò. Èròjà kan tó ń jẹ́ strontium wà nínú òkúta. Ó ń ti ara òkúta wọ ilẹ̀, ó ń wọ omi àti oúnjẹ, ó ń wọ egungun ẹni tó ń jẹ ẹ́. Èyí tó wà nínú egungun ọmọ yẹn, ti ilẹ̀ àpáta àtayébáyé ni. Wọ́n wá sí Nàìjíríà, wọ́n kó ilẹ̀, òkúta àti egungun ẹran lọ fi wé e, wọ́n sì rí i pé ó bá ilẹ̀ tó wà láàárín Ìbàdàn àti Benin mu.

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà kẹ́ ẹ wo ohun tó wà láàárín Ìbàdàn àti Benin. Mi ò sọ pé ará Àkúrẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn mu omi irú ilẹ̀ tí àwa ń mu. Ní 2006 ni wọ́n sin ín ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí orúkọ lórí ibojì rẹ̀, títí di òní ẹbí kan ò tíì yọjú tí DNA fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àbúrò, òkú ti wà níbẹ̀, DNA rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ìyá ni kò sí. Níhìn-ín, ìyá wà, òkú ni kò sí. Mo sunkún nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá yín.

Òṣìṣẹ́ Àná

Mo ṣiṣẹ́ mọ́ṣúárì fún ọdún 22 kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti ṣe é.

Má lọ béèrè orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ni kó o béèrè. Sọ pé o fẹ́ wo ìwé ìgbòkúwọlé ti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ 2011, kó o wá gbogbo ibi tí wọ́n kọ "ọkùnrin, a kò mọ̀ ọ́n" sí. Níwájú rẹ̀ wàá rí nọ́ńbà, tẹ̀ṣọ́n tó gbé e wá, orúkọ ọlọ́pàá tó fọwọ́ sí i, nígbà mìíràn aṣọ tó wọ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ṣe pàtàkì. Fi lọ tẹ̀ṣọ́n, wọ́n ní ìwé tiwọn tó bá a mu. Bí dókítà bá yẹ òkú náà wò, ìwé rẹ̀ wà. Àwòrán lè wà. Kọ àmì ara ẹ̀gbọ́n rẹ lọ síbẹ̀: eyín tó ṣí, apá tó kán rí, irin tí wọ́n fi sí egungun. Irin yẹn máa ń ní nọ́ńbà. Ìtẹ̀ka ńkọ́? Ní 2011 kò tíì sí BVN, ṣùgbọ́n bó bá gba ìwé ìwakọ̀ tàbí páásípọ́ọ̀tù, ìtẹ̀ka rẹ̀ lè wà níbì kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dùn mí. Ní gbogbo ọdún tí mo lò, ọ̀pọ̀ òkú tí kò ní ẹni ni a kó jáde lọ sin. A ò yọ nǹkan kan lára wọn pamọ́ rí. Eyín kan ṣoṣo nínú ìgò kékeré, tàbí ẹ̀jẹ̀ kán méjì lórí bébà gbígbẹ pẹ̀lú nọ́ńbà, kò gba fíríìjì, kò gba iná. Àpótí kan á gba ti ọdún mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ká ṣe é, èmi náà ò sì ronú kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ bá àwọn ọ̀gá yín sọ ọ́.

Àbúrò Awakọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Ìbéèrè kan: bí ó bá jẹ́ pé wọ́n sin wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ṣé a ṣì lè mọ ti ẹni kọ̀ọ̀kan?

Lábù Ọ̀dà Road

Ó ṣeé ṣe, ó kàn le ni. Ní Srebrenica ní ilẹ̀ Bosnia, nǹkan bí 8,000 ọkùnrin ni wọ́n pa ní oṣù Keje 1995. Àwọn apànìyàn náà tún fi katakata hú òkú wọn, wọ́n fọ́n egungun ẹnìkan sí kòtò méjì mẹ́ta. Àwọn ìyá àti àwọn àbúrò wọn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi wé egungun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti mọ nǹkan bí 7,000 nínú wọn. Níbí náà, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Dana já ní Èkó ní 3 oṣù Kẹfà 2012, tí gbogbo àwọn 153 inú rẹ̀ kú, DNA ni wọ́n fi mọ àwọn tí iná ti bà jẹ́, òkè òkun ni wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí.

Ilẹ̀ tiwa gbóná, ó sì rin, ó ń tètè ba DNA jẹ́. Eyín ẹ̀yìn àti egungun líle inú agbárí, ní apá etí, ló máa ń pẹ́ jù. Ọdún 14 kò tíì pọ̀ jù fún eyín.

Agbẹjọ́rò Aláàgbàkà

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín wa ilẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin, ó sì máa ba ẹ̀rí jẹ́. Ilé ẹjọ́ ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n hú òkú, dókítà àti ọlọ́pàá á sì wà níbẹ̀. Ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà ṣí, ẹ so ẹ̀dà ìwé mọ́ṣúárì mọ́ ọn. Ẹjọ́ ìpànìyàn kì í gbó.

Bó bá ní ìyàwó àti ọmọ: abala 164 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹni tí àwọn tó yẹ kó gbúròó rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje, ilé ẹjọ́ lè kà á sí ẹni tó ti kú. Wọn ò nílò láti dúró de DNA kí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ tó yanjú. Òfin ààbò dátà ti 2023 sì ka DNA mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré, nítorí náà ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ lábù kí wọ́n tó fọwọ́ kan Màmá.

Ìyá Ìdànrè

Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ, tí wọ́n sì máa tún un sin dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn mi gbà á. Àbúrò, tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ pè mí. Èmi náà lè bá Màmá jókòó.

Àbúrò Awakọ̀

Ẹ kú àdúrótì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá ròyìn.

A gba ti Màmá, lábù sì ti gba tiwọn lójú ẹlẹ́rìí. Wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ya ẹnu fúnra wọn, wọ́n ní kí n ra á dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé lọ, wọ́n mú fìlà ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 14 ni wọn ò fọ̀ ọ́.

Mo lọ sí mọ́ṣúárì bí bàbá ṣe ní kí n lọ. Wọ́n kọ́kọ́ lé mi. Nígbà kejì mo mú agbẹjọ́rò lọ, wọ́n gbé ìwé náà jáde. Òkú mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láàárín oṣù yẹn tí wọn ò mọ̀. Ìkẹta: ọkùnrin, bí ọdún 35, ṣòkòtò jíǹsì, bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan. Tẹ̀ṣọ́n tó gbé e wá, ti agbègbè oko kòkó yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n mi pé ẹni ọdún 34 ní oṣù Kẹta ọdún náà. Mi ò tíì sọ ti bàtà fún Màmá.

Ohun tó kù ni ibi tí wọ́n sin wọ́n sí gan-an. Ilẹ̀ náà tóbi, koríko ti bò ó, wọ́n sì ti ń kọ́lé wọ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kó pẹ́. Ẹni tó bá bá kánsù ṣiṣẹ́ ìsìnkú ní apá Oǹdó láàárín oṣù Keje sí oṣù Kejìlá 2011, tàbí tó mọ ẹni tó wa katakata lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ níbí. Mi ò wá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí wọ́n kàn fi ibẹ̀ hàn mí.